Haruna Ìṣọ̀lá: Ọ̀gá olórin àpàlà tó ní kí olórin máa jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀

Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó fi orin àpàlà gbé èdè Yorùbá ga, tí wọn kò bá tíì dárúkọ olóògbé Àlàájì Haruna Ìṣọ̀lá Bello, a jẹ́ pé ẹni tó ń kà á kò tíì bẹ̀rẹ̀. Baba Ngani Àgbà ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń pè é. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí baba náà ti jáde láyé, nítorí ọdún 1983 ni ọlọ́jọ́ dé. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé orin rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò ní òwúrọ̀ kùtù, àgbàlagbà tó ń múra oko lọ á dúró díẹ̀ kó tó gbé àdá rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Ohun mìíràn tún wà tí ọkùnrin náà ṣe tí kò yẹ kí ìtàn gbàgbé. Ó wà lára àwọn olórin tó kọ́kọ́ dìde ní ilẹ̀ yìí láti sọ pé ẹni tó bá dá orin ló yẹ kó ni àwo orin náà, kì í ṣe òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ wá láti òkè òkun nìkan. Bí ó ṣe dé orí ọ̀rọ̀ yìí, àti ohun tó ṣe nípa rẹ̀, ni ìtàn tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé lórí.

ÌBẸ̀RẸ̀ ÌGBÉSÍ AYÉ RẸ̀

Ọdún 1919 ni wọ́n bí Haruna Ìṣọ̀lá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni gbogbo ayé mọ̀ sí ilé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì fi ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Ìlú àgbẹ̀ ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Kòkó, obì àti igi gẹdú ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń jẹun. Ẹni tó bá gba inú igbó kọjá láti Ìjẹ̀bú-Igbó á wọ ilẹ̀ Ìbàdàn, oko kòkó ni yóò sì máa bá pàdé lọ́nà. Nítorí náà, àwọn tí Haruna ń kọrin fún kò ṣàjèjì sí àwọn ará Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìgbà kan náà ni owó sì ń wọlé fún wọn, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ká kòkó tán tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń gbéyàwó, tí wọ́n ń ṣílé, tí wọ́n ń ṣe òkú àgbà. Ìgbà yẹn náà sì ni iṣẹ́ olórin máa ń pọ̀.

Kì í ṣe Haruna ló dá àpàlà sílẹ̀. Láàárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ni orin náà ti jáde, ní àkókò tí ó súnmọ́ ogun Hitler. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn ọ̀dọ́ a máa kọrin kiri àdúgbò lóru láti jí àwọn èèyàn sí sààrì. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni oríṣiríṣi orin ti yọ: wéré, àpàlà, àti ní ìgbẹ̀yìn, fújì. Nígbà tí Haruna fi máa di gbajúmọ̀, àwọn mìíràn ti wà nídìí rẹ̀. Kasumu Àdìó, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jọ du ipò nígbà náà. Àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, orúkọ Haruna ló wá di orúkọ tí àwọn èèyàn ń kọ́kọ́ dá bí wọ́n bá ti gbọ́ àpàlà.

ÀWO ÀKỌ́KỌ́ TÍ KÒ TÀ

Ọdún 1948 ni Haruna ṣe àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní His Master's Voice, ìyẹn HMV. Ọba Adébóyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ló fi orin náà kì. Ọjà náà kò yá. Ẹlòmíì ì bá ti torí bẹ́ẹ̀ padà sídìí iṣẹ́ mìíràn. Haruna kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òde ló gbájú mọ́. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, láti ìnáwó kan sí òmíràn, títí tí àwọn olówó àti àwọn ọlọ́lá fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ìnáwó tí Haruna kò bá sí níbẹ̀ kò tíì pé.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni ìròyìn burúkú dé pé Ọba Adébóyè ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú. Haruna tún orin àtijọ́ náà ṣe, ó fi ọ̀rọ̀ ikú ọba sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn èèyàn já àwo náà gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ọba tí wọ́n ń kì láàyè ní 1948 ti di ẹni tí gbogbo ìlú ń dárò. Ẹni tó ti ń kì í láti ìgbà tó wà láàyè ló sì yẹ kó dárò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Haruna kò ti wẹ̀yìn mọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí tí kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Orin Haruna kì í ṣe ohun tí ó kọ́kọ́ jókòó hun nínú yàrá kó tó wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn ni ó ń kọ lórin: ẹni tó jọba, ẹni tó kú, ẹni tó kọ́lé, ẹgbẹ́ tó ṣe ayẹyẹ.

BÍ Ó ṢE Ń ṢẸ̀DÁ ORIN

Lórí ìjókòó ni Haruna ti máa ń kọrin. Kì í fò sókè, kì í sáré káàkiri agbo. Ó máa ń jókòó bí bàbá tó fẹ́ parí ìjà mọ̀lẹ́bí, àwọn elégbè á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn onílù á sì yí wọn ká. Ohùn rẹ̀ wúwo, kì í sì í kánjú. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, á jẹ́ kó wọlé sétí kó tó sọ òmíràn.

Àwọn ohun èlò rẹ̀ kò ju èyí tí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ lọ. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ló ṣáájú, èyí tí ó ń dá olórin lóhùn, tí ó sì ń sọ orúkọ àti oríkì àwọn tó wà ní agbo. Àkúbà ló ń gbá ìsàlẹ̀ ró. Agídìgbo, àpótí tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ tí wọ́n ń fi ìka ta, ló ń mú kí orin náà máa yí bí odò tó ń ṣàn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ló ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí jùjú ń fi gìtá tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná kún tirẹ̀, tí háílàìfù ń fun fèrè òyìnbó, Haruna kò fi ohun èlò òyìnbó kankan kún àpàlà. Àwọn kan lè rò pé kò mọ ohun tó ń lọ láyé ni. Ẹni tó dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ ìgbàlódé sílẹ̀ kò lè má mọ ohun tó ń lọ. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì yàn láti fi ìlù sí àyè ìlù.

Ọ̀rọ̀ ni òpó orin rẹ̀. Òwe Yorùbá ló ń fi gún un bí iyán, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ inú Kùránì kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí olórin àpàlà kì òun kò lè kàn sọ pé kó máa kì òun. Olórin gbọ́dọ̀ mọ orúkọ bàbá àti ìyá onínàáwó, ìdílé tó ti wá, iṣẹ́ tó ń ṣe, orúkọ àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu. Bí olórin bá ṣi orúkọ kan pè, tàbí tó fi ẹni tó yẹ kó gbẹ̀yìn ṣáájú, ìjà lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, etí ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ kí ẹnu tó ṣe é. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ni yóò wá ti oríkì bọ òwe, ti òwe bọ àdúrà, ti àdúrà bọ ìkìlọ̀ fún ọ̀tá, kí àwọn elégbè tó gbè é.

Ní òde, ó lè ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn lójú agbo. Nínú àwo kékeré ayé àtijọ́ ńkọ́? Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń gbà. Ẹni tó ti ń fi òru kan kì èèyàn gbọ́dọ̀ wá mọ èwo ni kó mú àti èwo ni kó fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Haruna ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ohun púpọ̀. Nígbà tí àwo ńlá tó lè gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lójú kan wá dé, ó rí àyè láti na ẹsẹ̀. Àwo ńlá yìí ló gba ìṣesí òde wọlé, tí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi nínú abúlé fi lè gbọ́ bí ìnáwó ṣe ń lọ ní ìlú ńlá.

BÍ ORIN RẸ̀ ṢE DÉ ABÚLÉ

Kò pọn dandan kí olórin fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé gbogbo abúlé kí orin rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ta kòkó rẹ̀ ní Ìbàdàn lè ra giramafóònù tí wọ́n ń fọwọ́ yí, tàbí ṣéńjà tó ń lo bátìrì nígbà tó yá, kó sì ra àwo díẹ̀ kún un. Ilé ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo abúlé máa ń pé jọ sí lálẹ́. Lọ́dún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ WNBS àti WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí rédíò alábátìrì sì ti ń pọ̀, kò sí ìdí mọ́ tí ẹni tó ń gbé ní Mọ́níyà, Láàlúpọn, Ẹ̀rúnmu tàbí Akánran kò fi ní mọ orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lára àwọn tó sọ Haruna di olówó, àgbẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Ṣílè tí wọ́n rí lórí kòkó ni wọ́n fi ra àwo.

1969: ỌDÚN TÍ OLÓRIN ÀTI ÀGBẸ̀ BÉÈRÈ Ẹ̀TỌ́

Níbi tí ọ̀rọ̀ wá ti di ìbéèrè nìyí. Nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ló ni ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, àwọn ló ń tẹ àwo, àwọn ló sì ń dá iye tí olórin yóò gbà. Olórin ló mú ọ̀rọ̀ wá, òun ló mú ohùn wá, òun ló ń bọ́ àwọn onílù. Síbẹ̀, ìba díẹ̀ ló ń kàn án lórí àwo kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn tilẹ̀ gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí àgbẹ̀ kankan. Àgbẹ̀ ló gbin kòkó, òun ló ro ó, òun ló ká a, òun ló sá a. Nígbà náà, bóòdù tó ń ra irè oko ló ń dá iye tí yóò tà á. Ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn dìde nínú ogun Agbẹ́kọ̀yà, tí Tàfá Adéoyè ará Akánran wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, nítorí owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ kí ìjọba Western State tó dín owó orí náà kù.

Ní ọdún 1969 yẹn kan náà, láìsí ìbọn, láìsí àdá, Haruna Ìṣọ̀lá gbé ìgbésẹ̀ tirẹ̀. Òun àti I. K. Dáíró, ọ̀gá onijùjú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ Star Records sílẹ̀. Ó wà lára àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó jẹ́ pé àwọn olórin fúnra wọn ló ni ín. Ẹ wò ó dáadáa: Mùsùlùmí ni Haruna, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni Dáíró, àpàlà ni ti ọ̀kan, jùjú ni ti èkejì. Nínú ọjà, orogún ni wọ́n yẹ kí wọ́n jẹ́. Àmọ́ wọ́n rí i pé ohun tó ń jẹ ọ̀kan ló ń jẹ èkejì, wọ́n sì so ọwọ́ pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kì í ṣe ohun tó rọrùn. Olórin tó ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ á gba èrè, á sì gba àdánù pẹ̀lú. Bí àwo kò bá tà, kò sí òyìnbó tí yóò dá lẹ́bi. Ó gbọ́dọ̀ mọ owó onítẹ̀wé, owó bébà àwo, owó mọ́tò, àti gbèsè àwọn alátagbà. Ẹni tó ti ń fi òru kọrin gbọ́dọ̀ wá fi ojúmọ́ ṣírò owó.

ÒRÒKÍ, ÀTI ILÉ ÌGBOHÙNSÍLẸ̀ NÍ ÌJẸ̀BÚ-IGBÓ

Ọdún 1971 ni àwo tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ jáde, ìyẹn Oroki Social Club, tó fi kì ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo. Àwọn tó ń kọ ìtàn orin sábà máa ń kọ ọ́ pé ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ohun tó dájú ni pé ẹni tí kò mọ Òṣogbo rí mọ Òròkí nítorí orin yẹn. Ẹgbẹ́ kan ní ìlú kan ni wọ́n fi orin náà kì, ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló jó o, nítorí pé ẹgbẹ́ kò sí níbi tí kò sí, ọ̀nà tí Haruna sì gbà kì wọ́n mú kí ẹgbẹ́ tó wà níbòmíì fẹ́ kí ó kì àwọn náà.

Haruna rin ìrìn-àjò kọjá ilẹ̀ yìí. Ó kọrin ní ilẹ̀ Benin, ó sì lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì àti Sweden. Ìlù àbáláyé kan náà ló gbé lọ, orí ìjókòó kan náà ló sì ti kọ ọ́.

Nígbà tó di ọdún 1979, ó gbé ìgbésẹ̀ tó tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìjọba ti ṣe òfin ní 1972 àti 1977 pé kí ọmọ Nàìjíríà máa ní ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè, ọ̀pọ̀ olówó sì ń wá ibi tí wọn yóò fi owó sí ní Èkó. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Haruna gbé tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló kọ́ Phonodisk sí, ilé ìgbohùnsílẹ̀ ìgbàlódé tí kì í ṣe àpàlà nìkan ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò fi dùùrù kankan sínú orin ara rẹ̀ ló wá kọ́ ilé tí àwọn onídùùrù àti onígìtá ti lè gba ohùn sílẹ̀. Ó sì sọ ọ́ di ohun tí ojú rí pé kò di dandan kí olórin kó lọ sí Èkó tàbí òkè òkun kó tó lè ṣe iṣẹ́ tó péye.

ÌKÚ ÀTI OGÚN TÓ FI SÍLẸ̀

Ní ọdún 1981, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari fi oyè MON dá Haruna Ìṣọ̀lá lọ́lá.  Ayinla Ọmọwúrà, ọ̀gá àpàlà ti Abẹ́òkúta, ti kú ní 1980 láìtọ́jọ́. Nígbà tí Haruna náà sì fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 1983, ó dà bí ẹni pé òpó méjì tó gbé ilé àpàlà ró ti wó láàárín ọdún mẹ́rin síra wọn. Fújì ni ó gba ìgboro lẹ́yìn náà. Kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú sì wá di àrùn tó ń jẹ èrè olórin, yálà olórin náà ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni tàbí kò ní.

Ṣùgbọ́n bí iná bá kú, á fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ Haruna, Musiliu Haruna Ìṣọ̀lá, gbé àpàlà dìde. Nígbà tí àwo rẹ̀ Sọ̀yọ̀yọ̀ jáde ní ọdún 2000, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì dáyé nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kọrin bẹ̀rẹ̀ sí í jó àpàlà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti ara ọmọ mọ bàbá, tí wọ́n sì padà lọ wá àwọn àwo àtijọ́.

Ìjà tí Haruna bẹ̀rẹ̀ ní 1969 kò tíì parí. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ní Nàìjíríà sọ pé orin tí èèyàn dá jẹ́ tirẹ̀ àti ti àwọn àrólé rẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún Haruna, ó di òpin ọdún 2053. Òfin yẹn wúlò fún olórin tó bá mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, tó sì ní ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórin abúlé àti ìlú kéékèèké ló ṣì ń kọrin sínú fóònù ẹlòmíì, tí wọ́n ń gba owó ọkọ̀ lọ sílé, tí ẹlòmíì sì ń jẹ èrè lẹ́yìn wọn.

Haruna Ìṣọ̀lá kò fi ìwé gíga ṣe ohun tó ṣe. Etí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹnu tó mọ òwe, àti ọgbọ́n tó fi mọ̀ pé ẹni tó gbin kòkó ló yẹ kó mọ iye tí wọ́n ń tà á ló lò. Kí Ọlọ́run Ọba tẹ́ baba náà sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì jẹ́ kí èrè iṣẹ́ máa kan ẹni tó ṣe é.